Ta Ló Ni Ojú Pópó? Alùpùpù Oníná àti Ẹ̀tọ́ Ọ̀nà ní Ojú Ẹlẹ́gbà

 Mo mọ̀ pé kò sẹ́ni tó dé gbọ̀ngàn yìí lónìí tí kò kọ́kọ́ bá oríta Ojú Ẹlẹ́gbà ní Èkó yìí wọ̀yá ìjà.

Àwọn àgbà ní ojú ọ̀run tó ẹyẹ fò láìfara kanra. Ẹni tó pa òwe yẹn kò tíì dúró lábẹ́ afárá wa ní agogo mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Dánfó tó ń pe Lawanson àti Ìtire ń du àyè mọ́ èyí tó ń pe Mushin. Kẹ̀kẹ́ Màrúwá ń fi imú wá ihò tí yóò gbà kọjá. Àwọn dispatch, tó ń fi alùpùpù kó ẹrù, gbé àpótí sẹ́yìn, wọ́n ń yọ́ gba àárín dígí ọkọ̀ méjì. Obìnrin tó gbé ọmọ pọ̀n ń wá ibi tí yóò ti sọdá. Lókè orí gbogbo wọn, tírélà tó gbé kọntéínà ń ti Apápá bọ̀ ní wákàtí tí òfin kò gbà á láyè. Ọ̀nà ò tó. Ìgbàkígbà tí ohun ìrìnnà tuntun bá yọjú síbi tí ọ̀nà ò tó, ẹnì kan ló máa sún fún un, ẹni tí wọ́n bá sì ní kó sún máa ń bínú.

Ohun tuntun tó ń bọ̀ báyìí ni alùpùpù tó ń fi báàtìrì rìn. Àwọn tó pè mí ní kí n wá sọ bóyá ó yẹ ká jẹ́ kó wọ àwọn ọ̀nà tí ìjọba ti lé ọ̀kadà kúrò. Èsì mi kò gùn, àlàyé rẹ̀ ló gùn. Òfin tó ń bi ọkọ̀ léèrè orúkọ rẹ̀ àti bí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣe tóbi tó kò lè dá ẹjọ́ yìí. Eré tó ń sá, bó ṣe wúwo tó, iṣẹ́ tó ń ṣe, àti ẹni tí a ó mú bí ó bá pa èèyàn lára: ohun mẹ́rin yìí ni ká máa wọ̀n. Àwọn ìlú mìíràn ti bá irú ẹjọ́ yìí jìjàkadì, àmọ́ orí òkè àti inú igbó ni tiwọn ti ṣẹlẹ̀. Màá mú yín débẹ̀, ṣùgbọ́n ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ ti ilé.

Bí ọ̀kadà ṣe kúrò nílẹ̀ yìí

Ní 2012, nígbà tí Babatunde Fashola jẹ́ gómìnà, Èkó ṣe Òfin Ìrìnnà Ojú Pópó. Òfin náà to òpópónà 475 sílẹ̀ tí ọ̀kadà kò gbọdọ̀ gbà. Ó yọ irú alùpùpù kan sọ́tọ̀: èyí tó ń kó lẹ́tà àti ẹrù, tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ tó 200cc tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ bá mi di 200cc yẹn mú, a ó tún pàdé rẹ̀ níwájú.

Ọdún mẹ́fà lẹ́yìn náà, ní 2018, wọ́n ṣe òfin àtúntò ìrìnnà. Ní 27 January 2020, Gbenga Omotoso, kọmíṣọ́nà Èkó fún ìròyìn, fi òfin yẹn kéde pé láti 1 February, ọ̀kadà àti kẹ̀kẹ́ Màrúwá kò gbọdọ̀ ṣiṣẹ́ mọ́ ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà, àgbègbè ìdàgbàsókè mẹ́sàn-án, ọ̀nà márosẹ̀ mẹ́wàá àti afárá 40. Sùúrùlérè àti Lagos Mainland wà nínú mẹ́fà yẹn. Yábà àti Ìtire-Ìkátẹ̀ wà nínú mẹ́sàn-án. Ìdí tí ìjọba fún wa ni pé láàárín 2016 sí 2019, ìjàǹbá tó lé ní 10,000 ni àwọn ilé ìwòsàn ìjọba kọ sílẹ̀, èèyàn tó lé ní 600 sì kú nínú rẹ̀. Wọ́n tún fi ọ̀rọ̀ olè kún un.

Àwọn iléeṣẹ́ bíi Gokada, MAX àti ORide, tí èrò ń fi fóònù pè, tí wọ́n sì ń fún èrò ní ìbòrí, rò pé alùpùpù ńlá táwọn ń lò yóò yọ àwọn. Kò yọ wọ́n. Ẹrù ni Gokada yíjú sí lẹ́yìn náà. Ẹni tó ra akoto tuntun, tó kọ́ awakọ̀ rẹ̀, àti ẹni tí kò ṣe ọ̀kankan nínú méjèèjì, ẹnu ọ̀nà kan náà ni wọ́n gbà jáde.

Ní 12 May 2022, ní Lekki, àwọn ọlọ́kadà pa ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ ẹ̀rọ ohùn, wọ́n sì dáná sun ún, nítorí aáwọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ lórí owó ọkọ̀. Gbogbo Èkó gbọ̀n rìrì. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí Gómìnà Babajide Sanwo-Olu fi kéde pé láti 1 June, ọ̀kadà ti di èèwọ̀ pátápátá ní Etí-Ọ̀sà, Ìkẹjà, Sùúrùlérè, Lagos Island, Lagos Mainland àti Apápá. Ìjọba ní bí wọ́n bá mú awakọ̀ àti èrò rẹ̀, ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́ta ń dúró dè wọ́n. Nígbà tó di 1 September, wọ́n fi Kòsọ́fẹ́, Òṣòdì-Ìsọlọ̀, Ṣómólú àti Mushin kún un. Wọ́n gba ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọ̀kadà, wọ́n sì fi ẹ̀rọ rún wọn ní gbangba.

Ẹ wo ohun tí ọjọ́ méjèèjì yẹn dá sílẹ̀ níbi tí a jókòó sí yìí. Sùúrùlérè ni Ojú Ẹlẹ́gbà, àmọ́ Mushin kò jìnnà sí i ju ìrìn ẹsẹ̀ lọ. Láti June títí di ìparí August 2022, ẹni tó gbé èrò láti Ìdí-Òrò ń ṣiṣẹ́ oòjọ́ rẹ̀ nígbà tó gbéra, ó sì ti di ọ̀daràn kó tó já èrò sílẹ̀. Ọ̀kadà kan náà, èrò kan náà, ọ̀nà kan náà. Ààlà tí ojú kò rí ni ó dá ẹjọ́.

N kò wí pé ìjọba kò ní ìdí. Ẹ lọ bèèrè ní ilé ìwòsàn eegun ní Igbóbì, wọn kò ní pa irọ́ fún yín. Ohun tí mo ń wí ni pé òfin wa, láti 2012 wá, orúkọ ló ń lé. Ó ní "ọ̀kadà", ó sì ti ìlẹ̀kùn. Báyìí, ohun kan ti dé tó jọ ọ̀kadà tí kì í mu epo, òmíràn jọ kẹ̀kẹ́ ológeere tó ní mọ́tò nínú ikùn. Orúkọ wo ni ẹ ó pè wọ́n?

Ìjà orí òkè

Ẹ jẹ́ ká wá lọ sí orí òkè tí mo ṣèlérí. Ní Marin, ní ìpínlẹ̀ California lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ní àwọn ọdún 1970, àwọn ọ̀dọ́ kan kó ògbólógbòó kẹ̀kẹ́ onítáyà ńlá lọ sórí òkè Tamalpais, wọ́n ń fi sáré sọ̀ kalẹ̀. Ibẹ̀ ni kẹ̀kẹ́ orí òkè ti di eré ìdárayá àti òwò ńlá. Kò pẹ́ tí ẹjọ́ fi dé. Àwọn tó ń fẹsẹ̀ rìn nínú igbó àti àwọn tó ń gẹṣin ní ọ̀nà àwọn ni, wọ́n ní ẹni tó bá ń sáré bọ̀ láti kọ̀rọ̀ lè pa èèyàn, táyà sì ń hú ilẹ̀. Àwọn aláṣẹ ti kẹ̀kẹ́ kúrò lórí ọ̀pọ̀ ọ̀nà tóóró. Ṣùgbọ́n lórí àwọn ọ̀nà tó gbòòrò, wọ́n ṣe ohun kan tó yẹ ká fiyè sí. Wọ́n ní eré kò gbọdọ̀ ju máìlì 15 ní wákàtí kan, bí ẹlẹ́kẹ̀ẹ́ bá sì fẹ́ kọjá lára ẹlòmíràn, kó rọra ṣe máìlì 5. Àwọn ẹ̀ṣọ́ igbó gbé ẹ̀rọ tó ń wọn eré dání. Ìwà ni wọ́n dá lẹ́jọ́ níbẹ̀.

Ní àwọn ilẹ̀ tí òfin Amẹ́ríkà ti 1964 pa mọ́ gẹ́gẹ́ bí aginjù, ẹ̀rọ kankan kò gbọdọ̀ wọlé. Nígbà tó di 1984, iléeṣẹ́ tó ń bójú tó igbó ìjọba kọ ọ́ kedere pé kẹ̀kẹ́ náà wà nínú èèwọ̀ yẹn. Èyí ni àwọn ẹlẹ́kẹ̀ẹ́ fi mọ bó ṣe ń rí lára kí wọ́n lé èèyàn kúrò lọ́nà. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi bẹ̀bẹ̀, tí wọ́n fi ń tún ọ̀nà ṣe lọ́fẹ̀ẹ́, kí wọ́n tó rí àyè díẹ̀ gbà lórí ilẹ̀ mìíràn.

Àfi bí kẹ̀kẹ́ orí òkè oníná ṣe dé. Ó ní báàtìrì lára igi rẹ̀ àti mọ́tò kékeré nítòsí ibi tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀. Bí o bá ń wa ẹsẹ̀, á ràn ọ́ lọ́wọ́. Bí o bá dúró, òun náà á dúró. Ìwọ̀n rẹ̀ máa ń tó kìlógíráàmù 20 sí 25. Ẹni tí orúnkún ń dùn, ẹni tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, lè fi gun òkè tí kò dé láti ìgbà èwe rẹ̀. Ta ló wá kọ́kọ́ bínú sí i? Yàtọ̀ sí àwọn onírìn-ẹsẹ̀, ọ̀pọ̀ ẹlẹ́kẹ̀ẹ́ fúnra wọn ni. Ẹ̀rù ń bà wọ́n pé bí èyí tó ní mọ́tò bá wọ ọ̀nà tí àwọn fi ẹ̀bẹ̀ gbà, wọ́n máa lé tàwọn tòun jáde. Ọmọ ìyá ẹni ló sábà máa ń kọ́kọ́ ta ko ẹni. Àwọn dispatch tó wà níbí mọ ohun tí mò ń sọ: bí taskforce ìjọba bá jáde, kì í fi gbogbo ìgbà yẹ àpótí wò kó tó gba kọ́kọ́rọ́.

Báwo ni wọ́n ṣe wá nǹkan ṣe sí i? California ṣe òfin ní 2015 tó pín kẹ̀kẹ́ oníná sí ọ̀wọ́ mẹ́ta, ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ sì tẹ̀ lé e. Ọ̀wọ́ kìíní kì í ṣiṣẹ́ àfi bí ẹsẹ̀ bá ń wà, mọ́tò rẹ̀ á sì dákẹ́ bó bá dé máìlì 20 ní wákàtí kan. Ọ̀wọ́ kejì ní ìfúnná lọ́wọ́ bíi ti alùpùpù, àmọ́ máìlì 20 náà ni òpin rẹ̀. Ọ̀wọ́ kẹta ń dé 28, ẹsẹ̀ sì gbọ́dọ̀ máa wà. Wáàtì 750 ni agbára mọ́tò wọn kò gbọdọ̀ kọjá. Ní Yúróòpù, òfin le jù bẹ́ẹ̀ lọ: wáàtì 250, kìlómítà 25 ní wákàtí kan. Ọmọ Yorùbá tó ń gbé Peckham ní London lè ra irú èyí, kò nílò láísẹ́ńsì, bó bá ti pé ọmọ ọdún 14, ó sì lè gbé e gba ọ̀nà ẹlẹ́ṣin tí òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti 1968 ṣí fún kẹ̀kẹ́. Bó bá tún un ṣe kó lè sáré ju bẹ́ẹ̀ lọ, alùpùpù tí kò ní ìwé ló ń gùn, àwọn ọlọ́pàá á sì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìjà kò parí síbẹ̀. Ní August 2019, David Bernhardt, mínísítà tó ń bójú tó ilẹ̀ ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà, pàṣẹ pé kí kẹ̀kẹ́ oníná máa gba ibi tí kẹ̀kẹ́ lásán ń gbà. Àwọn tó ń dáàbò bo igbó gbé e lọ sílé ẹjọ́ pé ó kánjú, kò ṣe àyẹ̀wò. Ní 2022, adájọ́ kan dá wọn láre lápá kan, ó ní kí àwọn aláṣẹ ọgbà ìjọba lọ yẹ ipa tó ń ní lórí ilẹ̀ wò. Ní 2015, ẹgbẹ́ àwọn ẹlẹ́kẹ̀ẹ́ orí òkè, IMBA, ti ṣe àyẹ̀wò kékeré kan ní Oregon: wọ́n jẹ́ kí kẹ̀kẹ́ lásán, kẹ̀kẹ́ oníná ọ̀wọ́ kìíní àti alùpùpù gba ọ̀nà kan náà, wọ́n sì wọn erùpẹ̀ tí táyà hú. Kò fi bẹ́ẹ̀ sí ìyàtọ̀ láàárín àwọn kẹ̀kẹ́ méjèèjì. Ti alùpùpù ló yàtọ̀ gedegbe. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ẹni tó bá fi orúkọ nìkan ṣe ìdájọ́ ì bá kó kẹ̀kẹ́ oníná mọ́ alùpùpù.

Ohun tí cc kò lè wọ̀n

Ẹ jẹ́ ká padà sí 200cc wa. Ìwọ̀n yẹn ń sọ bí àyè tí epo ti ń jó nínú ẹ́ńjìnnì ṣe tóbi tó. Mọ́tò oníná kò ní irú àyè bẹ́ẹ̀. Wáàtì la fi ń wọn agbára rẹ̀. Cc rẹ̀ jẹ́ òdo, yálà ó lè sáré kìlómítà 25 tàbí 80. Nítorí náà, ní ojú òfin 2012, kẹ̀kẹ́ oníná tí mọ́tò rẹ̀ kò ju wáàtì 250 lọ àti alùpùpù oníná tó gbé èèyàn méjì àti àpò ìrẹsì, tí mọ́tò rẹ̀ lé ní wáàtì 2,000, ìkan náà ni wọ́n: àwọn méjèèjì kò tó 200cc. Ọlọ́pàá tó bá fẹ́ lé wọn á rí ẹsẹ̀ òfin tí yóò fi lé wọn. Lọ́yà tó bá fẹ́ gbà wọ́n sílẹ̀ á ní ohun tí kò ní cc rárá kọ́ ni òfin ń bá wí. Òfin tó gbé oníbodè àti arúfin lẹ́yìn papọ̀ kò tíì ṣe iṣẹ́ kankan.

Ìdí oríta yìí ni ojúbọ Ẹlẹ́gbà, ìyẹn Èṣù, wà, gbogbo yín lẹ sì mọ ìtàn fìlà Èṣù. Ó dé fìlà tó pupa lápá kan, tó dúdú lápá kejì, ó gba àárín oko ọ̀rẹ́ méjì kọjá. Ọ̀kan ní pupa ni, èkejì ní dúdú ni, wọ́n sì lu ara wọn bolẹ̀. Ohun tó máa ń yà mí lẹ́nu nínú ìtàn náà ni pé kò sí èyí nínú wọn tó bi ẹni tó ń kọjá pé: kí lo wá ṣe lóko wa? Àwọ̀ fìlà ló gbà wọ́n lọ́kàn. Bí a ṣe ń jiyàn lórí ọ̀kadà oníná náà nìyẹn. Apá kan ní kẹ̀kẹ́ tí kì í ṣèéfín ni, ẹ jẹ́ kó wọlé. Apá kejì ní ọ̀kadà náà ni, ẹ lé e.

Ohun tí iná yí padà, àti ohun tí kò yí padà

Ẹ jẹ́ ká ṣe òótọ́. Iná yí owó padà. Ní 29 May 2023, ìrànwọ́ orí epo lọ, owó bẹntiróòlù sì fò. Nígbà tó di ìparí 2024, lítà kan ti sún mọ́ 1,000 náírà ní Èkó. Ọ̀kadà tó bá rin kìlómítà 100 lè mu bíi lítà méjì ààbọ̀, ìyẹn 2,500 náírà nígbà náà. Alùpùpù oníná lè fi bíi kìlówáàtì-wákàtí mẹ́rin rin irú ìrìn bẹ́ẹ̀. Bí a bá fi owó iná Band A tí NERC, àjọ tó ń ṣàkóso iná mànàmáná, kéde ní April 2024 ṣe ìṣirò, 225 náírà fún kìlówáàtì-wákàtí kan, 900 náírà nìyẹn. Ìyàtọ̀ náà tó oúnjẹ ọmọ. Ṣùgbọ́n bí iná bá lọ, tó jẹ́ jẹnẹrétọ̀ la fi ń gba báàtìrì náà ní agbára, èrè náà ti bá èéfín lọ.

Iná yí ariwo àti èéfín padà pẹ̀lú, àwọn tó ń tajà lábẹ́ afárá láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ sì mọ iye tí ìyẹn tó fún ẹ̀dọ̀fóró. Àmọ́ ìdákẹ́jẹ́ẹ́ náà ní ewu tirẹ̀. Afọ́jú tó ń fi etí ríran kò ní gbọ́ ọ, ọmọdé tó ń sáré sọdá kò ní gbọ́ ọ.

Iná kò yí ẹsẹ̀ tó ṣẹ́ padà. Ẹni tí alùpùpù oníná gbá ní eré kìlómítà 60, Igbóbì náà ni yóò dé. Iná kò ní kí awakọ̀ má gba ọ̀nà tí kì í ṣe tirẹ̀, kò ní kó má gbé èrò mẹ́ta, kò sì ní kí olè má gùn ún. Ẹni tó bá ń tà á fún yín pé nítorí pé ó jẹ́ ti iná, ó ti di èèyàn rere, ọjà ló ń tà.

Bí a bá tún ń sọ ti ewu, ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ tán. Ní 2 September 2015, kọntéínà já bọ́ láti orí afárá Ojú Ẹlẹ́gbà yìí, ó tẹ ọkọ̀ jíìpù kan, èèyàn mẹ́ta kú. Ní 29 January 2023, ọjọ́ Sunday, kọntéínà mìíràn wó lé bọ́ọ̀sì èrò níbẹ̀ náà, èèyàn mẹ́sàn-án kú, ọmọdé wà nínú wọn. Kí ni òfin 2012 ṣe sí tírélà? Wákàtí ló fún un. Ó ní kó má rìn láàárín ìlú láti agogo mẹ́fà àárọ̀ sí mẹ́sàn-án alẹ́. Inú mi dùn sí i, nítorí bó ṣe yẹ kí òfin máa ronú nìyẹn: ó wo ìwọ̀n, ó wo iṣẹ́, ó ní kó ṣe é nígbà tí ewu rẹ̀ kò ní pọ̀. Ìbéèrè mi ni pé kí ló dé tí òfin tó ní sùúrù fún kọntéínà tọ́ọ̀nù ọgbọ̀n kò ní irú sùúrù bẹ́ẹ̀ fún ohun tí kò tó kìlógíráàmù 150? Àwọn àgbà ní orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Tírélà rí oògùn gbà. Ọ̀kadà ni wọ́n bẹ́ lórí.

Àwọn aládùúgbò wa

Kò dìgbà tí a bá dé California ká tó rí ẹ̀kọ́. Ẹni tó bá wọ Kutọnu ní ilẹ̀ Benin yóò rí àwọn zémìdjan, ọlọ́kadà tiwọn, pẹ̀lú ẹ̀wù tí nọ́ńbà wà lára rẹ̀. Bó bá ṣẹ̀ ọ́, o mọ nọ́ńbà tí o máa sọ. Láti 2022, iléeṣẹ́ Spiro, tí wọ́n kọ́kọ́ ń pè ní M Auto, ti ń kó alùpùpù oníná wọ Benin àti Togo. Awakọ̀ kì í jókòó ti báàtìrì títí yóò fi kún. Á yà sí ilé báàtìrì, á fi èyí tó ti tán sílẹ̀, á gbé èyí tó kún, á sì máa lọ láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan. Ní Kigali, ìjọba Rwanda ní láti January 2025, alùpùpù epo tuntun kò ní ríwèé gbà mọ́ láti fi gbé èrò. Wọn kò lé ohun ìrìnnà lọ. Wọ́n lé èyí tí wọn kò fẹ́ nínú rẹ̀.

Àwọn ilé báàtìrì yìí ni mo fẹ́ kí ẹ ronú lé. Ọ̀kadà epo lè ra epo níbikíbi, kódà nínú ìgò lẹ́bàá ọ̀nà, nítorí náà kò sẹ́ni tó lè dá a dúró àfi ẹni tó bá dènà dè é. Alùpùpù tó ń pààrọ̀ báàtìrì gbọ́dọ̀ padà sí ilé báàtìrì lójoojúmọ́. Ẹ̀rọ tó ń darí mọ́tò rẹ̀ ṣeé dí kó má lè kọjá eré kan. Ilé báàtìrì lè kọ̀ láti fún ẹni tí ìwé rẹ̀ ti kọjá àkókò. Láti ìgbà tí ọ̀kadà ti dé Èkó, a kò tíì ní irú ẹnu ibodè bẹ́ẹ̀. Fún èmi, èyí ju ọ̀rọ̀ èéfín lọ: ohun ìrìnnà tó ṣeé darí láìfi pàṣán lé e ló ń bọ̀, òfin tí yóò darí rẹ̀ ni kò tíì sí.

Àbá mi

Àkọ́kọ́, kí Ilé Aṣòfin Èkó yọ cc kúrò, kó fi eré àti ìwọ̀n rọ́pò rẹ̀. Kí ọ̀wọ́ mẹ́ta wà. Èyí tí ẹsẹ̀ ń wà, tí mọ́tò rẹ̀ ń dákẹ́ ní kìlómítà 25, kẹ̀kẹ́ ni, kó máa gba ibi tí kẹ̀kẹ́ ń gbà. Èkó ti ní ìlànà lórí fífi ẹsẹ̀ rìn àti kẹ̀kẹ́ gígùn láti 2018, ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́. Èyí tó ń gbé èrò tàbí ẹrù, tí ẹ̀rọ rẹ̀ ti dí ní kìlómítà 40, kó ní ọ̀wọ́ tirẹ̀. Èyí tó bá ju ìyẹn lọ, alùpùpù ni, kó tẹ̀ lé òfin alùpùpù.

Ìkejì, kí ọ̀wọ́ kejì yẹn ní ọ̀nà tí a kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Àwọn ọ̀nà inú Lawanson, Ìtire, Ìdí-Àràbà àti àyíká Yábà ni mo ní lọ́kàn. Kò gbọdọ̀ gun afárá, kò gbọdọ̀ wọ Western Avenue tàbí Ikorodu Road, kò sì gbọdọ̀ sún mọ́ ọ̀nà bọ́ọ̀sì BRT. Ẹ rántí pé ọkọ̀ ojú irin Red Line ti ń gbé èrò láti October 2024, ó sì ní ibùdókọ̀ ní Yábà àti Mushin. Ẹni tó bá sọ̀ níbẹ̀ pẹ̀lú ẹrù lórí, tó fẹ́ dé inú Ìtire, kí ni yóò wọ̀? Ìrìn kúkúrú yẹn ni iṣẹ́ ohun ìrìnnà kékeré.

Ìkẹta, kí gbogbo awakọ̀ ní nọ́ńbà lẹ́yìn ẹ̀wù àti lára alùpùpù, nọ́ńbà kan náà, tí ọmọ iléèwé lè kà lókèèrè. Kí ìbòrí jẹ́ méjì, ti awakọ̀ àti ti èrò. Kí mọ́tò ní ohùn díẹ̀ tí afọ́jú lè gbọ́.

Ìkẹrin, kí ó jẹ́ ìdánwò ọdún kan. Kí wọ́n ka iye ẹni tó farapa tó dé ilé ìwòsàn LUTH àti ti Igbóbì láti àgbègbè yìí kí ìdánwò tó bẹ̀rẹ̀ àti nígbà tó ń lọ, kí wọ́n sì lẹ̀ ẹ́ síta ní gbọ̀ngàn ìjọba ìbílẹ̀ fún gbogbo ayé. Bí iye náà bá pọ̀ sí i, kí ìdánwò parí, kí ẹnikẹ́ni má jiyàn. Ohun tí ilé ẹjọ́ Amẹ́ríkà bá àwọn aláṣẹ wí lé lórí nìyẹn: wọ́n ṣílẹ̀kùn kí wọ́n tó wọ̀n.

Ìkarùn-ún ló sún mọ́ ọkàn mi jù. Àwọn tí ìjọba rún ọ̀kadà wọn ní 2022, púpọ̀ nínú wọn ṣì ń san gbèsè nígbà náà. Bí ọ̀nà bá tún ṣí, tó jẹ́ iléeṣẹ́ ńlá méjì tàbí mẹ́ta nìkan ni a fún ní ìwé, a ti gba ọ̀nà lọ́wọ́ tálákà tà fún olówó nìyẹn. Kí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn awakọ̀ ní ìpín tirẹ̀ nínú ìwé náà. Kí ilé báàtìrì má jẹ́ ti ẹnì kan ṣoṣo, kí báàtìrì iléeṣẹ́ kan lè wọ alùpùpù iléeṣẹ́ kejì. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹni tó ni báàtìrì ló ni awakọ̀.

Fún ẹni tó ń mi orí

Mo rí àwọn kan tó ń mi orí. Wọ́n ń sọ nínú ọkàn wọn pé bí a bá ṣí ihò kékeré, gbogbo ọ̀kadà tó kúrò ni yóò gba ibẹ̀ padà. Ẹ̀rù náà tọ́. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi wo ojú títì lálẹ́: ṣé wọ́n kúrò lóòótọ́? Ẹni tó bá mọ ẹsẹ̀kùúkù tó yẹ kó gbà ṣì ń rí ọ̀kadà gùn, kò ní nọ́ńbà, kò ní ìbòrí, ó sì ti gbówó lórí nítorí ohun tí awakọ̀ ń fún àwọn tó ń dá a dúró. Èèwọ̀ tí gbogbo ayé ń jẹ ní kọ̀rọ̀ kò dáàbò bo ẹnikẹ́ni. Ẹ jẹ́ ká ní ìlẹ̀kùn tó ní kọ́kọ́rọ́, nítorí ògiri tó lanu lalángbá ń gbà wọlé.

Àwọn mìíràn ń sọ pé ọkọ̀ ńlá ló yẹ Èkó, kì í ṣe ohun kéékèèké. Mo fara mọ́ ọn pé ọkọ̀ ńlá ló yẹ kó gba òpópónà ńlá. BRT ti ń gba Western Avenue kọjá láti 2008, mo sì ń wọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n BRT kò lè wọ àdúgbò tí dánfó gan-an ń fẹ̀yìn rìn jáde nínú rẹ̀. Ohun kékeré fún ọ̀nà kékeré, ohun ńlá fún ọ̀nà ńlá, kí kálukú mọ ààlà rẹ̀. Òun ni gbogbo ọ̀rọ̀ mi.

Ẹ̀yin èèyàn mi, nígbàkígbà tí ìbò ìjọba ìbílẹ̀ bá ń bọ̀, àwọn kan á wá bá wa lábẹ́ afárá yìí. Bí wọ́n bá bi yín pé ṣé ẹ fẹ́ ọ̀kadà àbí ẹ ò fẹ́, ẹ má dá wọn lóhùn, ìbéèrè àwọ̀ fìlà nìyẹn. Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ bi wọ́n: eré mélòó ni ẹ máa gbà á láyè? Ọ̀nà wo ni yóò gbà, ọ̀nà wo ni kò ní gbà? Nọ́ńbà ta ni yóò wà lẹ́yìn rẹ̀? Ta ni yóò ka àwọn tó farapa, ibo ni a ó ti rí ìwé náà kà? Ẹni tó bá dáhùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ jókòó tì í. Ẹni tí kò bá lè dáhùn, ọ̀nà ló ń wá gbà lọ́wọ́ yín, kò wá tún un ṣe.

 Ó tó àkókò ìbéèrè báyìí. Ẹ jẹ́ kí àwọn ìyá wa láti ọjà Tẹ́júoṣó bẹ̀rẹ̀, nítorí àwọn ló ń fẹsẹ̀ sọdá.